Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àjọ FCCPC Lórí Owó Àsansílẹ̀ Nínú Òwò Tíkẹ́ẹ̀tì àti Òtẹ́ẹ̀lì Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Òkè-Ìlèwó,
Abẹ́òkúta,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Àjọ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ìdíje Òwò àti Ààbò Oníbàárà, FCCPC,
Abuja.

Alàgbà,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ Àjọ yín kú iṣẹ́ ìlú. Títa tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú àti bíbá èèyàn gba yàrá sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun ní Abẹ́òkúta. Ohun tí mò ń rí nídìí iṣẹ́ náà ló mú kí n kọ̀wé sí yín ní gbangba dípò kí n fi ránṣẹ́ ní kọ̀rọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ẹni tó ń fi fóònù ra tíkẹ́ẹ̀tì, yálà Kútọ̀ ló ń gbé tàbí Abuja. Àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tó ń ta ìrìn àjò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò fẹ́ kí oníbàárà ra tíkẹ́ẹ̀tì kan kó sì máa bá tirẹ̀ lọ mọ́. Wọ́n ń fẹ́ kó san owó àsansílẹ̀ lọ́dọọdún, kó di ọmọ ẹgbẹ́, kí wọ́n sì máa fi iye tí ẹlòmíràn kò ní rí gbà hàn án. Mò ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe ìlànà fún irú òwò yìí nísinsìnyí tí kò tíì gbilẹ̀ ní Nàìjíríà, kí ìlànà náà sì dúró lórí ohun kan tí mo kà sí pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ: iye tí wọ́n bá fi ẹ̀dínwó ọmọ ẹgbẹ́ wé gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí àwọn èèyàn ń san ní tòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àṣà yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Iléeṣẹ́ eDreams ODIGEO, tó ń ṣiṣẹ́ láti ìlú Barcelona ní orílẹ̀-èdè Spain, ló ni eDreams, Opodo, GO Voyages àti Travellink. Ní ọdún 2017, ó gbé ètò kan jáde tó pè ní Prime. Ẹni tó bá san owó ọdún kan yóò máa rí ẹ̀dínwó lórí tíkẹ́ẹ̀tì àti òtẹ́ẹ̀lì nígbàkúùgbà tó bá wọlé sórí ìkànnì wọn. Nígbà tí ọdún ìṣúná wọn fi parí ní oṣù Kẹta 2025, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Prime ti lé ní mílíọ̀nù méje. Bí iléeṣẹ́ tó ń jẹ èrè kékeré lórí tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ṣe di iléeṣẹ́ tí owó àsansílẹ̀ ń gbé ró nìyẹn, àwọn yòókù nínú òwò náà sì ń wò ó.

Ẹni tí kò mọ ìdí iṣẹ́ wa lè béèrè pé kí ló dé tí ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fi ń wá owó ọmọ ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Nígbà kan rí, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú máa ń san kọmíṣọ̀n tó jọjú fún ejẹ́ǹtì lórí tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan tó bá tà. Ní ọdún 1995, iléeṣẹ́ Delta ní Amẹ́ríkà fi gbèdéke lé kọmíṣọ̀n náà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi di ọdún 2002, wọ́n ti fagi lé kọmíṣọ̀n ìpìlẹ̀ pátápátá lọ́hùn-ún. Láti ìgbà náà ni tíkẹ́ẹ̀tì ti di ọjà tí èrè rẹ̀ kéré gan-an. Òtẹ́ẹ̀lì ni èrè wà, nítorí pé iléeṣẹ́ bíi Booking.com máa ń gba nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó yàrá lọ́wọ́ onílé ìtura, nígbà mìíràn ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí oníbàárà tó dé ojú ìkànnì, apá ńlá nínú èrè ọ̀hún ti bá Google lọ. Bí ẹnì kan bá tẹ ọ̀rọ̀ sínú Google pé òun ń wá tíkẹ́ẹ̀tì lọ sí London, àwọn iléeṣẹ́ á máa du ara wọn lówó láti lè hàn lókè. Bí ẹni náà bá tún padà wá lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n á tún san owó ìpolówó lé e lórí bí ẹni pé wọn kò rí i rí.

Ohun tí owó àsansílẹ̀ wá yanjú fún wọn nìyẹn. Ọmọ ẹgbẹ́ kì í gba ọ̀dọ̀ Google kọjá mọ́. Tààrà ló ń wọ inú áàpù wọn. Wọn kò ní polówó fún un lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ṣeé ṣe kí ó tún gba òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀ níbi tó ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. N kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Ẹni tó ń ṣòwò gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tí oníbàárà rẹ̀ yóò fi padà wá, èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní kékeré tèmi.

Ibi tí ó ti kan Àjọ yín ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ojú oníbàárà lẹ́yìn tó bá ti sanwó. Ká ní oníṣòwò àdìrẹ kan ní Ìtòkú ní kí ẹni tó ń bọ̀ wá rajà kọ́kọ́ san owó ọdún kan kó tó lè gbọ́ iye tí òun ń ta aṣọ fún àwọn èèyàn òun. Ẹni tó bá san án kò ní yà sí ìsọ̀ kejì mọ́, torí owó tó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ yóò máa dùn ún, yóò sì fẹ́ rí ohun tó san án fún. Ẹni tí kò san án kò ní mọ iye tí ọjà náà ń jẹ́ gan-an, iye tí wọ́n bá pè fún un ni yóò máa mú. Ní ọjọ́ díẹ̀, kò ní sí ẹni tó ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ lílọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa pàṣẹ iye fún gbogbo ọjà. Ìdíje kì í gbé inú ìwé òfin nìkan. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń rajà ló ń gbé e rìn. Owó àsansílẹ̀ máa ń jókòó lé ẹsẹ̀ yẹn, ó sì ń ṣe é láìsí pé iléeṣẹ́ kankan bá iléeṣẹ́ mìíràn dìtẹ̀, èyí tó jẹ́ kó nira fún aláṣẹ láti tètè rí i.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ìṣirò rẹ̀ hàn sí gbogbo ayé. Ní oṣù Kẹta 2025, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú Ryanair ti Ireland bẹ̀rẹ̀ ètò ọmọ ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní yúrò 79 lọ́dún. Nígbà tó máa fi di oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, wọ́n ti kéde pé àwọn ń pa á tì. Iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sọ ìdí: nǹkan bí 55,000 èèyàn ló wọlé, owó tí wọ́n san lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́rin yúrò, ṣùgbọ́n ẹ̀dínwó tí wọ́n rí gbà lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Iléeṣẹ́ tó ni ọkọ̀ òfúrufú fúnra rẹ̀, tó lè dín iye ìjókòó rẹ̀ kù bó ṣe wù ú, rí i pé bí ẹ̀dínwó bá jẹ́ ẹ̀dínwó gidi, owó ọmọ ẹgbẹ́ kò lè gbé e.

Báwo wá ni àwọn tí kò ní ọkọ̀ òfúrufú kankan, tó jẹ́ alágbàtà bíi tèmi, ṣe ń jèrè nínú rẹ̀? Mo ti ro ó dáadáa, n kò sì fẹ́ parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Apá kan nínú rẹ̀ ni owó ìpolówó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tí wọn kò san fún Google mọ́. Apá kan ni àwọn tó sanwó ọdún kan tí wọn kò rìnrìn àjò tó bí wọ́n ṣe rò. Ìyẹn kò burú bí ọ̀nà àtijáde bá ṣí sílẹ̀ fún wọn. Apá kan ni pé òtẹ́ẹ̀lì ló ń gbé ẹ̀dínwó náà, bó ṣe rí nínú ètò Genius ti Booking.com, èyí tí oníbàárà kì í san owó kankan láti wọ̀ ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé láti àpò onílé ìtura ni ẹ̀dínwó rẹ̀ ti ń jáde. Ìyẹn náà kò burú bí kò bá sí ẹni tó ń fi agbára mú onílé ìtura. Èyí tó kù ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀rọ kan náà ló ń gbé iye ọmọ ẹgbẹ́ àti iye ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ síwájú èèyàn lójú fóònù. Kò sí ohun tó ní kó má gbé èkejì sókè kí àkọ́kọ́ lè dà bí àánú. Bí iye tí wọ́n fi ìlà gé lórí bá jẹ́ iye tí kò sí ẹni tó ń san án níbikíbi, ẹ̀dínwó náà ti di irọ́, àní bí ọmọ ẹgbẹ́ náà tilẹ̀ rò pé òun jèrè.

Ọ̀rọ̀ iye yìí ló ba ètò Tripadvisor jẹ́, ìyẹn ìkànnì Amẹ́ríkà tí àwọn arìnrìn àjò ti ń ka èrò ara wọn nípa òtẹ́ẹ̀lì. Ní ọdún 2021, Tripadvisor gbé ohun tó pè ní Plus jáde, dọ́là 99 lọ́dún, pé ọmọ ẹgbẹ́ yóò máa rí yàrá òtẹ́ẹ̀lì ní iye tó wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá kò gbà, nítorí wọn kò fẹ́ kí iye tó wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa hàn níbì kan nígbà tí wọ́n ti bá àwọn alágbàtà mìíràn ṣe àdéhùn pé iye kan náà ni yóò wà káàkiri. Kí oṣù Kẹsàn-án ọdún náà tó parí, Tripadvisor ti yí i padà: oníbàárà yóò san iye tí gbogbo ayé ń san, lẹ́yìn náà ni wọn yóò dá díẹ̀ padà fún un. Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó dí ẹni tuntun lọ́wọ́ láti tà ní iye tó kéré kì í ṣe pé kò lágbára, àdéhùn tó ti wà nílẹ̀ láàárín òtẹ́ẹ̀lì àti àwọn tó ti dé ṣáájú ni.

Yúróòpù ti ń bá àdéhùn irú èyí jà tipẹ́. Ní oṣù Keje 2024, àjọ ìdíje òwò ti orílẹ̀-èdè Spain bu owó ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù 413 yúrò lé Booking.com lórí, lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀ sì ni pé kò jẹ́ kí òtẹ́ẹ̀lì ta yàrá lórí ìkànnì tiwọn ní iye tó kéré sí èyí tó wà lórí ìkànnì rẹ̀. Iléeṣẹ́ náà kò gbà pé òun jẹ̀bi, ó ní òun yóò pe ẹjọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, Ilé Ẹjọ́ Ìdájọ́ ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ pé a kò lè ka irú òfin iye-kan-náà yìí sí ohun tí òwò náà kò lè ṣe láìsí. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní oṣù Kẹsàn-án 2023, Ìgbìmọ̀ Yúróòpù ti kọ̀ fún Booking láti ra Etraveli, iléeṣẹ́ Sweden tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú, nínú òwò tó lé ní bílíọ̀nù kan àbọ̀ yúrò. Wọ́n ní ẹni tó ti lágbára jù nídìí òtẹ́ẹ̀lì yóò fi tíkẹ́ẹ̀tì kó oníbàárà sí i, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní lè bá a díje mọ́. Mo fẹ́ràn ìrònú yẹn gan-an, nítorí ó fi hàn pé wọ́n mọ bí òwò wa ṣe ń ṣiṣẹ́: ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ lónìí ló máa gba yàrá lọ́wọ́ rẹ lọ́la.

Ẹ má ṣe jẹ́ ká rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè lásán ni. Àwọn onílé ìtura wà ní Ìbarà àti ní Òkè-Ìlèwó níbí tí mo ń bá ṣòwò. Bí ayẹyẹ ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú bá kó èrò wá láti Èkó, tàbí tí àwọn àlejò bá wá wo Olúmọ, àwọn ni wọ́n ń gbà wọ́n sílé. Púpọ̀ nínú wọn ló ń fẹ́ wà lórí ìkànnì ńlá, wọ́n sì máa ń fọwọ́ sí ìwé tí wọn kò kà tán. Bí ìwé náà bá ní wọn kò gbọ́dọ̀ ta yàrá fún ẹni tó bá pe fóònù wọn ní iye tó kéré sí ti orí ìkànnì, tí ìkànnì náà sì tún ní kí wọ́n gbé ẹ̀dínwó ọmọ ẹgbẹ́ lé e lórí, ta ni yóò san án? Àlejò tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ni. Ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó, tó sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyinká, tó sì rìn wọ òtẹ́ẹ̀lì láìjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kankan, ni yóò máa san ẹ̀dínwó ẹlòmíràn.

Ní orílẹ̀-èdè wa, àwọn tó ń ta ìrìn àjò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò pọ̀ tó bó ṣe yẹ. Wakanow ti wà láti ọdún 2008. Travelstart wá láti Gúúsù Áfríkà. Hotels.ng wà fún òtẹ́ẹ̀lì. Jumia Travel, tí a mọ̀ sí Jovago nígbà kan, pa òwò rẹ̀ tì ní oṣù Kejìlá 2019, ó sì fi àwọn oníbàárà rẹ̀ lé Travelstart lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá ń jáde nínú ọjà tí àwọn tó wà níbẹ̀ kò pọ̀, àwọn tó kù ni yóò máa pín oníbàárà rẹ̀, ètò ọmọ ẹgbẹ́ sì lè so àwọn oníbàárà náà mọ́lẹ̀ kí ẹlòmíràn tó ronú àtiwọlé.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ ó rántí ìgbà tí owó àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú há sí Nàìjíríà, tí Emirates dáwọ́ fífò wá síbí dúró ní 2022, tí kò sì padà títí di oṣù Kẹwàá 2024. Ní àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú ti ìjókòó olówó pọ́ọ́kú mọ́ àwa ejẹ́ǹtì Nàìjíríà lójú, àwọn oníbàárà wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi káàdì ẹbí wọn tó wà lókè òkun ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí ìkànnì òkèèrè. Ọ̀pọ̀ wọn kò padà wá. Àwọn báǹkì wa náà dá lílo káàdì náírà nílẹ̀ òkèèrè dúró, ṣùgbọ́n láti ọdún 2025 ni púpọ̀ nínú wọn ti tún ṣí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé àsìkò tó. Ilẹ̀kùn tí owó àsansílẹ̀ yóò gbà wọlé ti ṣí, káàdì tó sì ti wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan kò nílò kí oníbàárà tún tẹ nǹkan kan kí owó tó jáde.

Bí owó náà bá sì jẹ́ dọ́là, ẹ wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Ṣáájú oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó náírà 500 ní báǹkì. Kó tó pé ọdún kan sí ìgbà yẹn, ó ti kọjá 1,500. Ẹni tó fọwọ́ sí dọ́là 60 lọ́dún nígbà tí ìyẹn ń jẹ́ nǹkan bí náírà 28,000 yóò rí i pé owó kan náà ti lé ní náírà 90,000 nígbà tí ọdún bá yí, iléeṣẹ́ náà yóò sì sọ pé àwọn kò fi kọ́bọ̀ kún un. Òótọ́ ni wọ́n sì ń sọ. Ìdí tó fi yẹ kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó tún yọ owó náà nìyẹn.

Mo rí irú rẹ̀ níbi iṣẹ́ mi. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ fi káàdì ra tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ kí ọmọ rẹ̀ tó bímọ nílẹ̀ òkèèrè, lórí ìkànnì iléeṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Iye méjì ló rí lójú fóònù, ó sì tẹ èyí tó kéré. Kò mọ̀ pé bọ́tìnì náà ti sọ òun di ọmọ ẹgbẹ́ fún oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́, àti pé bí oṣù náà bá ti pé, owó ọdún kan yóò jáde. Nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì dé pé owó ti lọ, ó rò pé àwọn gbájú-ẹ̀ ló jí káàdì òun lò, ó sì sáré lọ ní kí wọ́n ti káàdì náà pa. Nígbà tó gbé e wá sọ́dọ̀ mi, a wá ibi tí èèyàn ti lè jáde lórí ìkànnì náà, a kò rí i. Wọ́n ní kí ó pe nọ́ńbà kan nílẹ̀ òkèèrè. Ó ń pè, orin ni wọ́n ń kọ sí i létí, owó ìpè sì ń lọ. Ìyá tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkà, tó sì mọ ìwé dáadáa, ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Inú mi bàjẹ́ gidigidi lọ́jọ́ náà, ó sì ṣì ń bàjẹ́ bí mo ti ń kọ èyí.

Irú rẹ̀ kò mọ sí òwò ìrìn àjò nìkan. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, Amazon gbà láti san bílíọ̀nù méjì àbọ̀ dọ́là láti parí ẹjọ́ tí FTC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà, pè é, lórí ẹ̀sùn pé ó mú àwọn èèyàn wọ ètò Prime tirẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀, ó sì mú kí àtijáde nira. Ẹ̀yin náà ti fi hàn pé ẹ lè kojú alágbára: ní oṣù Keje 2024, ẹ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, iléeṣẹ́ tó ni Facebook àti WhatsApp, lórí, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìdíje òwò sì ti yín lẹ́yìn ní oṣù Kẹrin 2025. Ọ̀rọ̀ ìdádúró ọkọ̀ àti ẹrù tó sọnù wà lọ́wọ́ NCAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfúrufú ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n owó ọmọ ẹgbẹ́ tí alágbàtà ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfúrufú. Ọ̀dọ̀ yín ló ti yẹ kí a gbọ́ nípa rẹ̀.

Ẹnì kan lè ní nítorí òwò tèmi ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. N kò fi bò pé tèmi náà wà nínú rẹ̀. Oníbàárà tó bá di ọmọ ẹgbẹ́ níbòmíràn kò ní wá sí Òkè-Ìlèwó mọ́. Síbẹ̀, n kò ní kí ẹ fòfin de owó àsansílẹ̀. Oníṣòwò tó ń fò lọ sí Abuja àti Kánò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lè jèrè nínú rẹ̀ dáadáa, iléeṣẹ́ Nàìjíríà tó bá sì rí owó tó dájú lọ́dọọdún lè fi gba òṣìṣẹ́ tí yóò máa gbé fóònù nígbà tí ọkọ̀ bá pẹ́ tàbí tí wọ́n bá fagi lé e. Ohun tí mò ń wá ni kí ẹni tó sanwó mọ ohun tó san án fún, kí ẹni tí kò san sì má máa gbé ẹrù rẹ̀.

Òfin tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n ṣe ní 2018, ti ní ìpìlẹ̀ tó tó. Abala 115 ní kí iye ọjà hàn. Mò ń bẹ̀ yín pé kí ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún òwò yìí ní kedere: kí iléeṣẹ́ tó bá kọ iye méjì sójú fóònù lè fi ẹ̀rí hàn yín, nígbàkúùgbà tí ẹ bá béèrè, pé àwọn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì tàbí yàrá irú èyí ní iye tó ga yẹn láàárín àkókò tí kò pẹ́, kí owó ọmọ ẹgbẹ́ ọdún náà sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dínwó náà, ní náírà, kí oníbàárà tó tẹ bọ́tìnì tí yóò fi sanwó. Bí ẹ bá ṣe èyí nìkan, ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà, nítorí iléeṣẹ́ tí ẹ̀dínwó rẹ̀ jẹ́ òótọ́ kò ní fi ohunkóhun pamọ́.

Abala 114 ní kí ọ̀rọ̀ tí a fi ń bá oníbàárà ṣe àdéhùn yé e. Kí àdéhùn ọmọ ẹgbẹ́ wà ní Yorùbá, ní Haúsá àti ní Ígbò fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, ní gbólóhùn kúkúrú: iye tó jẹ́, ọjọ́ tí wọn yóò tún yọ ọ́, ibi tí a ti ń jáde. Abala 120 fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti fagi lé ohun tó ti gbà sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè san iye tó bójú mu fún un. Ẹ jẹ́ kó hàn gbangba pé ẹ̀tọ́ yìí kan owó ọmọ ẹgbẹ́ náà, pé ọ̀nà tí èèyàn gbà wọlé ni kó lè gbà jáde, lórí ìkànnì kan náà, láìsí ìpè sí òkè òkun, kí wọ́n sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún un ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó tún yọ owó. Bí iye náà bá ti yàtọ̀ ní náírà nítorí dọ́là, kí wọ́n dúró de ìdáhùn rẹ̀.

Ní ti àwọn onílé ìtura, abala 59 sọ̀rọ̀ lórí àdéhùn tó ń dí ìdíje lọ́wọ́, abala 127 sì sọ̀rọ̀ lórí àdéhùn tí kò tọ́ pẹ̀lú oníbàárà. Ẹ sọ ọ́ síta pé ìkànnì kankan kò gbọ́dọ̀ dí òtẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ láti ta yàrá tirẹ̀ fún ẹni tó bá wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní iye tó bá wù ú, àti pé bí ìkànnì bá fẹ́ fún ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀dínwó, kí ó yọ ọ́ nínú owó ọmọ ẹgbẹ́ tó gbà, àfi bí onílé ìtura bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ bá a gbé e.

Kí ẹ tó kọ ìlànà náà, ẹ pe àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà jọ ní gbangba: àwọn iléeṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹ́ àwa ejẹ́ǹtì ìrìn àjò, NANTA, àwọn onílé ìtura, àwọn báǹkì tó ń yọ owó lórí káàdì, àti àwọn oníbàárà fúnra wọn. Èkó àti Abuja nìkan kọ́ ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ wá sí Abẹ́òkúta pẹ̀lú, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí fóònù ti jẹ́ àwọn òbí tí ọmọ wọn wà lókè òkun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jáde ní yunifásítì FUNAAB. Bí ẹ bá dá ọjọ́, ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gbà pé òun yóò wá sọ tẹnu òun, èmi náà yóò sì kó àwọn àdéhùn tí àwọn onílé ìtura mi bá gbà kí n fi hàn yín wá, pẹ̀lú àwòrán iye méjèèjì bí wọ́n ṣe hàn lójú fóònù ní ọjọ́ kan náà.

Mò ń retí ìdáhùn yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ejẹ́ǹtì ìrìn àjò kan ní Òkè-Ìlèwó, Abẹ́òkúta.